Àwòrán ẹlòmíràn, àlùmọ́gàjí tèmi: ta ló ni kọ́láàjì?

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn ló fi ìbéèrè tòní ránṣẹ́. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà níhìn-ín: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kọ́láàjì ni mo ń ṣe. Mo máa ń gé àwòrán nínú magasíìnì àtijọ́, lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àti fújì, lára pósítà fíìmù Yorùbá, àti nínú fọ́tò òwàm̀bẹ̀ tí mo bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ ègé àǹkárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iṣẹ́ ọmọ jẹ́léósinmi ni, pé mi ò ya nǹkan kan. Gálárì kan ní Èkó fẹ́ gba mẹ́rin nínú wọn fún ìpàtẹ, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo ni gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni onífọ́tò kan kọ̀wé sí mi lórí Instagram pé fọ́tò òun wà nínú ọ̀kan, kí n yọ ọ́ kúrò tàbí kí n sanwó. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé tí mo bá ti yí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán padà, kò sẹ́ni tó lè mú mi. Ṣé iṣẹ́ tèmi ni, àbí kì í ṣe tèmi? Ṣé mo lè tà á?”

Ìbẹ̀rù méjì ló ti wọnú ara wọn nínú lẹ́tà yìí, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti iyì: ṣé ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú, imú àti ẹnu lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà? Èkejì jẹ́ ti òfin. Ẹ̀gbọ́n yín ló dá ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, onífọ́tò ló dá èkejì sílẹ̀, gálárì sì wá pa méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn. Iṣẹ́ lè jẹ́ tiyín pátápátá ní ti èrò àti ọgbọ́n ọwọ́, kí ẹlòmíràn sì ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí apá kan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn sì wà tí kò ní ẹ̀sùn kankan lójú òfin, síbẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń wò ó. Bí àwọn ọ̀ràn méjèèjì tilẹ̀ yàtọ̀, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ara mi níwájú kọ́láàjì yòówù, tí ó sì máa ń tànmọ́lẹ̀ sí ìhà méjèèjì: kí ni ègé àwòrán yìí ń ṣe níbi tí ó wà báyìí tí kò ṣe níbi tí wọ́n ti gé e? Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àti kíkọ́ni ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ gba ohun tí mo bá sọ nípa òfin gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí irú ọ̀ràn báyìí ti gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò, kí ẹ sì rí agbẹjọ́rò tiyín kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò le láti fèsì sí. Ọdún 1912 ni ayàwòrán Pablo Picasso lẹ ègé aṣọ tábìlì tí wọ́n tẹ àwòrán híhun àga sí mọ́ ojú iṣẹ́ rẹ̀ kan, ọdún yẹn kan náà sì ni òun àti Georges Braque bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé ìròyìn àti ìwé ara ògiri mọ́ àwòrán ní ilẹ̀ Faransé. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Hannah Höch, obìnrin ará Jámánì, ti ń gé magasíìnì ní Berlin tí ó sì ń fi wọ́n bú àwọn òṣèlú àti àwọn ológun. Ní àwọn ọdún 1920 ó gé àwòrán ère àti ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà àti ti ilẹ̀ òkèèrè mìíràn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara obìnrin òyìnbó. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ojú tí ìlú rẹ̀ fi ń wo obìnrin ló ń bá wí. Síbẹ̀, ère wa kàn jẹ́ irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ ẹ. Kọ́láàjì ti ń gé Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀yin tó mú àlùmọ́gàjí, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń gé ilé ara rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì wá sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á wá tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé á fi jókòó ti ara wọn. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn òbí kan fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ipò ère ìbejì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ọmọ kan ni onífọ́tò yà, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló fún ìyá. Àwòrán apá ọ̀tún àti ti apá òsì lè jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe kọ́ ni èkejì ń ṣe, nítorí pé ọ̀kan jẹ́ ojú alààyè, èkejì sì di ojú ẹni tó ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi kọ́láàjì tó dára jù hàn òun ní ilẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ ni mo máa mú un lọ kí n tó dárúkọ gálárì kankan. Àwọn kàlẹ́ńdà ìlú àti ti ẹgbẹ́ náà ń bẹ, tí wọ́n gbé ọba sí àárín tí wọ́n sì fi orí àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká bí ipò oníkálùkù ṣe rí. Ẹni tó tò ó mọ̀ pé ibi tí a gbé orí kan sí lè dá ìjà sílẹ̀.

Láàárín àwọn tí ó ti fi iṣẹ́ yìí gba orúkọ, Romare Bearden, tí wọ́n bí ní Charlotte ní Amẹ́ríkà ní 1911, yíjú sí kọ́láàjì ní àwọn ọdún 1960 lẹ́yìn tó ti ń ya àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì máa ń fi ègé ìbòjú Áfíríkà àti ojú inú magasíìnì to orí ènìyàn dúdú kan ṣoṣo. Wangechi Mutu, tí wọ́n bí ní Nairobi ní 1972, gé ètè, ojú àti ẹsẹ̀ nínú magasíìnì oge, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ orí àwòrán ìwé ìṣègùn àtijọ́ tó ń ṣàlàyé àrùn inú ilé ọmọ. Ètè tí wọ́n fi ń polówó ọ̀dà ètè wá ń bi wá léèrè pé ta ló ń wo ara obìnrin, kí ló sì ń wá níbẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tiyín jù lọ ni Njideka Akunyili Crosby, mo sì fẹ́ kí ẹ jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Enugu ni wọ́n ti bí i ní 1983, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí di òní. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, yàrá lásán ni ẹ ó rí: obìnrin kan jókòó, tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ọkọ rẹ̀ wà nítòsí. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ògiri, ilẹ̀, aṣọ, nígbà mìíràn awọ ara ènìyàn pàápàá, kún fún fọ́tò kéékèèké: olórin, òṣèré fíìmù Nàìjíríà, olórí ológun, ọjọ́ ìgbéyàwó, fọ́tò ẹbí tirẹ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ kan, aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán ìyá rẹ̀, olóògbé Dora Akunyili, sí wà níbẹ̀, irú aṣọ tí gbogbo wa ti rí níbi ìnáwó. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò yìí ni kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Asitóònù, omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, ló fi ń rẹ ẹ̀yìn fọtokọ́pì, á rà á mọ́lẹ̀, àwòrán á sì ṣí bọ́ sórí ìwé tí ó ń lò, pẹ̀lú ṣíṣá díẹ̀. Ṣíṣá yẹn gan-an ni èrò iṣẹ́ náà. Olórin tó wà lórí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ń kígbe pé kí ẹ wá ra òun. Nígbà tí ó bá ti ṣá wọ inú ògiri, kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti di ohun tí ẹni tó kúrò nílé kò lè yọ kúrò lójú ara rẹ̀. Ní 2017, ọdún tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, ẹ̀bùn owó ńlá tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ẹ̀bùn àtinúdá ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ta ní gbàǹjo ní London ní iye tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́ùn. Owó kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ó wá ku ibi tí ọ̀pọ̀ kọ́láàjì tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ti máa ń ṣubú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé mi ò tíì rí iṣẹ́ yín. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní agbára kan tó lè tan oníṣẹ́ ọnà jẹ. Ẹni tó bá gé ojú Fẹlá, tó fi òdòdó yí i ká, tó na àǹkárá sẹ́yìn rẹ̀, á rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró, á sì rò pé iṣẹ́ òun ló dá wọn dúró. Fẹlá ló dá wọn dúró. Ohun tí ojú yẹn ń ṣe lára ẹ̀wù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì náà ló ń ṣe nínú férémù yẹn. Àǹkárá kò sì rọrùn tó bí a ṣe ń lò ó. Àwọn ilé iṣẹ́ Netherlands ló ń fi ẹ̀rọ ṣe é láti fara wé aṣọ Indonesia kí ó tó di tiwa, nítorí náà bí ẹ bá kàn fẹ́ kó máa dúró fún “Áfíríkà” nínú iṣẹ́ yín, ẹ ti gbọ́ ìdajì ìtàn rẹ̀ péré.

Ẹ mú magasíìnì Atọ́ka, tí àwọn òbí yín á rántí dáadáa. Fọ́tò àwọn òṣèré ìtàgé ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Ojú tí ẹ bá gé níbẹ̀ jẹ́ ojú ẹni tó wà láàárín ọ̀rọ̀: ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń halẹ̀, ó ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gé e kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó sì pinnu ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bákan náà ni páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Olórin ló wà láàárín, a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàtà rẹ̀, òrùka rẹ̀, iwájú ọkọ̀ tí ó fara tì, kọ́tìnnì tí onífọ́tò ta sẹ́yìn rẹ̀, àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀. Nínú ohun tí ojú mi ti rí, ẹni tó bá gé àwọn nǹkan wọ̀nyí tó sì fi olórin sílẹ̀ máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ nípa owó, fáàrí àti ìrètí ìgbà náà ju ẹni tó gé olórin lọ. Ó tún ń dín wàhálà òfin kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kọ́ ni mo fi sọ ọ́. Bí ẹ bá sì lè rí ìwé gan-an, ẹ má lo ẹ̀dà inú fóònù: àwọ̀ pupa tó ṣí kúrò lójú ètè tó yẹ kó wà, àwọn àmì tótó-tòtò inú ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú, ìwé tó ti pọ́n létí, gbogbo wọn ló ń sọ ọdún tí àwòrán náà ti wá láìjẹ́ pé ẹ kọ nǹkan kan.

Ó wá kan òfin. Kò sí ibì kankan nínú òfin Nàìjíríà, kò sì sí nínú ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá yí ìdá ọgbọ̀n padà ti bọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, mo sì ti rí i tó kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Òfin kọ́píráìtì, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí Nàìjíríà ń lò báyìí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tó bójú mu, lára èyí tí àríwísí, ìròyìn, ẹ̀fẹ̀ àti àfarawé wà, ó sì ní kí wọ́n wo ohun mẹ́rin: ìdí tí ẹ fi lò ó àti bí ẹ ṣe lò ó, irú iṣẹ́ tí ẹ mú un nínú rẹ̀, bí ohun tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó àti bí ó ti ṣe kókó tó nínú iṣẹ́ náà, àti ìpalára tí ìlò yín lè ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín. Ojú kan ṣoṣo tí kò tó ìdá mẹ́wàá fọ́tò lè jẹ́ kókó fọ́tò náà, nítorí náà ìdíwọ̀n kò lè gbà yín. Òfin náà tún fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ rẹ̀, àti pé kí a má sọ iṣẹ́ rẹ̀ dà ní ọ̀nà tí yóò ta àbàwọ́n sí i lórúkọ. Pé fọ́tò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Pé ẹ dárúkọ onífọ́tò kò túmọ̀ sí pé ó ti fún yín láyè. Pé fọ́tò ti pẹ́ kò tó: èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1990 ṣì wà lábẹ́ ààbò. Òfin yìí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá yín lójú pé adájọ́ yóò ka kọ́láàjì yín sí àfarawé tó bójú mu.

Ẹjọ́ Amẹ́ríkà kò de adájọ́ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn bí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé ẹjọ́. Jeff Koons, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, mú fọ́tò tọkọtaya kan tí wọ́n gbé ọmọ ajá lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní ère bí ó ṣe rí gan-an. Art Rogers tó ya fọ́tò náà pè é lẹ́jọ́, Koons sì jẹ̀bi ní 1992. Koons kan náà gé ẹsẹ̀ obìnrin nínú fọ́tò tí Andrea Blanch yà fún magasíìnì oge, ó fi sínú àwòrán ńlá kan láàárín ẹsẹ̀ mìíràn àti oúnjẹ, ó yí i dorí kodò, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 2006 nítorí pé ohun tí ẹsẹ̀ náà ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n yà á fún. Àmọ́ ní 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá onífọ́tò Lynn Goldsmith láre lórí àwòrán olórin Prince tí olóògbé oníṣẹ́ ọnà Andy Warhol fi fọ́tò tí Goldsmith yà ṣe. Adájọ́ méje ló wà lẹ́yìn ìdájọ́ náà, méjì ta kò ó. Warhol ti kun àwòrán náà, ó ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, gbogbo ayé sì mọ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ magasíìnì kan ní 2016 kí wọ́n fi í sí èèpo iwájú ìwé nípa Prince, iṣẹ́ kan náà tí fọ́tò Goldsmith lè ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fi àwòrán olórin ṣe àwòrán olórin gbọ́dọ̀ ronú lórí èyí gidigidi.

Ohun kan wà tó yà yín sọ́tọ̀ sí Warhol. Magasíìnì tí ẹ rà, tiyín ni; bí ẹ bá gé e, ẹ kò ṣe ẹ̀dà kankan. Lórí èyí pàápàá ẹnu àwọn adájọ́ kò kò. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ń gé àwòrán nínú ìwé àti káàdì tó rà, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ táìlì, ó ń tà wọ́n. Ní 1988 ilé ẹjọ́ kan ní ó jẹ̀bi. Ní 1997 ilé ẹjọ́ mìíràn tí ipò wọn dọ́gba ní kò jẹ̀bi, nítorí pé lílẹ̀ lásán kò sọ iṣẹ́ di òmíràn. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí ẹ bá ya fọ́tò kọ́láàjì yín, tí ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ fún títà, tàbí tí ẹ gba àwòrán lórí fóònù tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gé e, ẹ ti ń ṣe ẹ̀dà, ewu yín sì ti ga. Mo máa ń gba àwọn ọmọ iṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n ta ojúlówó tí wọ́n fi ìwé gan-an ṣe, kí wọ́n sì lọ́ra láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ títí tí wọn yóò fi gba àyè.

Fọ́tò òwàm̀bẹ̀ tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wá jẹ́ ibi tí ó gbẹgẹ́ jù nínú iṣẹ́ yín, nítorí pé kò sí ìwé tí ẹ rà, onífọ́tò rẹ̀ wà láàyè, ó sì ń fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹun. Bí fọ́tò rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní odindi láàárín iṣẹ́ náà, tí ẹ kàn fi àǹkárá ṣe ọ̀ṣọ́ yí i ká, mo rò pé òun ló jàre, ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ kan tàbí ìdérí gèlè kan láàárín ọ̀pọ̀ ègé, ẹ ní ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n lílọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀ á ná yín ní owó tó ju iye tí iṣẹ́ náà lè tà lọ. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ fi iṣẹ́ náà hàn án ní tòótọ́, kí ẹ béèrè iye tó fẹ́ gbà, kí ẹ sì gba ìwé kékeré kan tó sọ pé àyè náà kan ojúlówó, ìwé ìpàtẹ àti fífi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn á gba owó tí kò pọ̀, pàápàá bí ẹ bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Òmíràn á kọ̀ jálẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn tó wà nínú fọ́tò náà. Obìnrin tó wọ léèsì lọ sí ìnáwó kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òun kọ́ sí ògiri gálárì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń ná owó lé olórin lórí ni ẹ gé, ẹ rántí pé òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjọba sì ti ń rán àwọn ènìyàn lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ẹ gé ọwọ́ àti náírà, ẹ fi ojú sílẹ̀. Èyí tó dára jù fún ọjọ́ iwájú ni kí ẹ máa ya fọ́tò òwàm̀bẹ̀ tiyín fúnra yín, kí ẹ sì máa gba ẹnu àwọn tí ẹ yà.

Ní ti ohun èlò, mo fẹ́ sọ díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ra iṣẹ́ yín á fẹ́ kí ó pẹ́. Igi tí wọ́n lọ̀ ṣe ìwé ìròyìn ló ń mú un pọ́n kíákíá lójú ìmọ́lẹ̀. Magasíìnì tó ń dán sàn jù ú lọ díẹ̀. Gọ́ọ̀mù ọ́fíìsì olówó pọ́ọ́kú á pọ́n, á sì ṣí bó bá yá. Ẹ wá PVA, gọ́ọ̀mù funfun, tí kò ní ásíìdì nínú. Sítáàṣì tí ẹ bá sè fúnra yín lẹ̀ dáadáa, àmọ́ aáyán náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwòrán tí ẹ tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ oníyíǹkì olómi á ṣàn bí gọ́ọ̀mù bá kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú asitóònù, fọtokọ́pì oníyẹ̀fun tàbí ti lésà nìkan ló gbà á, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí. Ẹ fọ àǹkárá kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé iṣẹ́ kọ́ sí ibi tí oòrùn ń bọ́ sí.

Ó ku ìwé tí gálárì ní kí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ kò lè sọ pé ẹ̀yin ni ẹ ni gbogbo ohun tó wà nínú kọ́láàjì, gálárì tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ààbò ni wọ́n ń wá. Ẹ fún wọn ní ohun tó jẹ́ òótọ́: pé ẹ̀yin ni ẹ dá iṣẹ́ náà, pé ẹ̀yin ni ẹ tò ó, pé irú àwọn ohun báyìí ni ẹ fi ṣe é, àti pé ẹ ti gba àyè lórí èyí tí ẹ ti gbà. Kí ẹ lè kọ ọ́, ẹ nílò ìwé àkọsílẹ̀ tí orúkọ magasíìnì, ọdún rẹ̀, ojú ìwé rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti rà á wà fún ègé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gé ohun mìíràn. Bí wọ́n bá gbà láti yí gbólóhùn wọn padà, ẹ lọ pẹ̀lú mẹ́ta tí ẹ mọ orísun gbogbo ègé inú wọn, kí ẹ fi ẹ̀kẹrin sílé títí tí ẹ̀yin àti onífọ́tò yóò fi yanjú ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ fọwọ́ sí i bí ó ṣe wà, ẹ má fọwọ́ sí i, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá pe ẹjọ́ lọ́la, ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ mú jáde, orúkọ yín nìkan ni yóò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.